Àmì-Ẹ̀yẹ Tí Ó Padà Dé Lẹ́yìn Àádọ́ta Ọdún

Àwọn àgbà a máa wí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ kan wà tí ó pẹ́ nílẹ̀ ju ogún ọdún lọ, èyíinì ni pé júdò, ìjàkadì àwọn ará Jàpáánì, kì í ṣe ohun tí obìnrin lè fọwọ́ kàn. Ẹni tí ó sáré lé irọ́ náà títí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́ ni Rena Kanokogi, ọmọ Brooklyn ní ìlú New York, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Rusty. Ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti gbogbo ẹni tí ń tọ́ ọmọbìnrin mọ ìtàn rẹ̀.

Ọdún 1935 ni a bí i. Ní 1959, ẹgbẹ́ YMCA ṣe ìdíje júdò ní ìlú Utica, ní ìpínlẹ̀ New York. Rusty ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọ̀já di àyà rẹ̀ pinpin, ó sì bọ́ sójú ìjà láàrin àwọn ọkùnrin, ní ipò ẹnì kan tí ó fara pa nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó dá ọkùnrin tí ó kò ó lójú, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì borí. Lẹ́yìn náà ni alákòóso ìdíje bi í bóyá obìnrin ni. Rusty kò sẹ́. Wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ẹ̀tàn ni ó lò, àwa náà yóò bi í léèrè pé: ilẹ̀kùn wo ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún un kí ó gbà wọlé?

Ní 1962, ó kọjá lọ sí Tokyo, sí Kodokan, ilé ẹ̀kọ́ tí Jigoro Kano, ẹni tí ó dá júdò sílẹ̀, ti kọ́kọ́ ṣí ní 1882. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí àwọn obìnrin ti ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n gbà á láàyè láti bá àwọn ọkùnrin kọ́ṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn ńlá. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí júdò wọ Òlíńpíìkì ní Tokyo ní 1964, ọkùnrin nìkan ni a pè.

Rusty kò jókòó sunkún. Ní 1980, ó fi ilé ara rẹ̀ dógò kí ó lè rí owó ṣe ìdíje júdò àgbáyé àkọ́kọ́ fún àwọn obìnrin ní Madison Square Garden ní New York. Ó tún halẹ̀ pé òun yóò gbé àwọn aláṣẹ Òlíńpíìkì lọ sílé ẹjọ́. Ní 1988, ní Seoul, wọ́n gba júdò obìnrin wọlé fún àfihàn, Rusty sì ni olùkọ́ àwọn obìnrin Amẹ́ríkà níbẹ̀. Ní Barcelona ní 1992, ó di ìdíje gidi.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n omi tí Rusty dà, àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo àwọn obìnrin tí ó sígbọnlẹ̀. Ní Barcelona, Zhuang Xiaoyan ti ilẹ̀ Ṣáínà gba wúrà láàrin àwọn tí wọ́n wúwo ju kílò 72 lọ. Lẹ́yìn náà ni a sọ òǹkà náà di 78. Idalys Ortiz ti Kúbà gba idẹ ní 2008, wúrà ní 2012, fàdákà ní 2016, àti fàdákà mìíràn ní Tokyo ní 2021. Ní Paris ní 2024, Beatriz Souza ti Bràsíìlì ni wúrà náà kàn. Ara tí ọmọbìnrin ì bá máa tijú rẹ̀ láàrin ẹgbẹ́ ni ó di ògo ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí. Súmò ni ìbátan júdò. Láti 2001 ni àwọn obìnrin ti ń ja ìdíje àgbáyé rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fi súmò ṣe iṣẹ́ oòjọ́ ní Jàpáánì kò jẹ́ kí obìnrin fi ẹsẹ̀ tẹ ojú ìjà wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, olórí ìlú Maizuru dìgbò lulẹ̀ lójú ìjà náà níbi tí ó ti ń sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin, tí nọ́ọ̀sì wà lára wọn, sáré gòkè láti gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ohùn kan ń kígbe láti inú ẹ̀rọ pé kí obìnrin sọ̀ kalẹ̀! Olórí ẹgbẹ́ súmò tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n wọn kò pa òfin náà rẹ́. Àṣà tí ó ka ẹsẹ̀ obìnrin sí èèwọ̀ nígbà tí ẹ̀mí ń bọ́ lọ, ó yẹ kí àwọn tí ó ni ín tún un yẹ̀ wò.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, ẹgbẹ́ YMCA ní New York pe Rusty, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà dípò èyí tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà ni ó jáde láyé, ní ẹni ọdún 74. Bí ó bá ti tètè kú ní oṣù mẹ́rin, orí pósí ni wọn ì bá gbé e lé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì yín lónìí tí agbára rẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dúró de àádọ́ta ọdún.