Jíìpù tòkúnbọ̀ tí wọ́n gbé sókè ń gbọ̀n: Kí ló yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó ra kíìtì transfer case àti pùròpẹ́là?

Lẹ́nu ọ̀pọ̀ Yorùbá, ọkọ̀ gíga yòówù kó jẹ́, jíìpù ni. Àmọ́ ẹni tó bá ra ojúlówó Jeep Wrangler tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà lè bá ìṣòro kan pàdé tí àwọn onímọ́tò yòókù kì í sábà rí.

Ọkọ̀ náà á wuni lójú. Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ti pààrọ̀ sípírìngì rẹ̀, ó ti gbé e sókè, ó sì ti fi táyà ńláńlá sí i kó lè máa gun àpáta. Ṣùgbọ́n tó bá dé òpópónà márosẹ̀, tí eré rẹ̀ sì pọ̀ díẹ̀, abẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìgìjìgì. Wọ́n á ṣe alignment, wọ́n á pààrọ̀ táyà, owó á máa lọ, ọkọ̀ á ṣì máa gbọ̀n.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ẹjọ́ táyà. Ibi tí transfer case ti so pọ̀ mọ́ pùròpẹ́là ẹ̀yìn ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò.

Kí ló ń fà á?

Transfer case ni àpótí irin tó wà lẹ́yìn gíà ọkọ̀. Òun ló ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Pùròpẹ́là ni ọ̀pá tó ń gbé agbára náà lọ sí díìfù.

Ọ̀pọ̀ Jeep Wrangler tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1987 sí 2006, àti ọ̀pọ̀ Jeep Cherokee tó bá a rìn lásìkò náà, ló ń lo transfer case tí wọ́n ń pè ní NP231. Lára èyí, orí pùròpẹ́là ẹ̀yìn kàn wọ inú ìdí àpótí náà ni, kò sí bóòtù kankan tó dè é mọ́ ibẹ̀. Bí táyà ṣe ń bọ́ sí kòtò tó sì ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni pùròpẹ́là á máa sún wọlé, tí á máa sún jáde.

Kò sí wàhálà nínú ètò yìí bí ọkọ̀ bá wà bí iléeṣẹ́ ṣe ṣe é. Àmọ́ pùròpẹ́là ẹ̀yìn Wrangler kúrú gan-an. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ sókè, transfer case á bá a gòkè, díìfù á sì wà níbi tó wà. Ọ̀pá kúkúrú náà á wá dàgẹ̀rẹ̀ jù. Ìgbésókè tó bá tó ínǹṣì 3 sábà máa ń mú kí ọkọ̀ gbọ̀n. Ara máa ń tu Wrangler Unlimited ti ọdún 2004 sí 2006 díẹ̀, torí pé àárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ fi nǹkan bí ínǹṣì 10 gùn ju ti Wrangler kékeré lọ, pùròpẹ́là rẹ̀ náà sì gùn jù.

Ohun tó so ọ̀pá náà pọ̀ ni universal joint, tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń pè ní cross. Bí cross kan bá ń yí lórí ìdàgẹ̀rẹ̀, eré ọ̀pá tó wà níwájú rẹ̀ á yá, á tún falẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì nínú yíyí kan ṣoṣo. Cross tó wà ní ìparí kejì ló yẹ kó tún ìyẹn ṣe. Kò sì lè tún un ṣe àyàfi bí ìdàgẹ̀rẹ̀ méjèèjì bá dọ́gba. Bí ìdàgẹ̀rẹ̀ bá wá pọ̀ jù, dídọ́gba gan-an kò ní tó.

Ṣé ewu wà níbẹ̀?

Ewu wà níbẹ̀. Gbígbọ̀n yẹn máa ń jẹ cross, ó máa ń jẹ béárìn, ó sì máa ń ba síìlì tó ń dá epo dúró jẹ́. Tí epo bá jò tán nínú transfer case, irin á máa họ irin.

Èyí tó burú jù ni kí cross já lórí eré. Ọ̀pá irin tó ń yí kíkankíkan á wá máa na abẹ́ ọkọ̀, lábẹ́ ibi tí èèyàn jókòó sí. Bí pùròpẹ́là bá sì yọ kúrò nínú àpótí, ihò ńlá ló fi sílẹ̀, epo á dà jáde.

Ọ̀nà mẹ́ta tó wà

Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n sọ transfer case wálẹ̀ nípa fífi irin kéékèèké sáàárín òun àti ara ọkọ̀. Òun ló rọjú jù. Àmọ́ ikùn ọkọ̀ á sún mọ́ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, torí kí ikùn ọkọ̀ lè jìnnà sí ilẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e sókè.

Ìkejì ni kíìtì tí wọ́n á fi gé ọ̀pá àtijọ́ tó yọ lẹ́yìn transfer case kúrú, tí wọ́n á dá ihò sí i, tí wọ́n á sì fi bóòtù de orí tuntun mọ́ ọn. Owó rẹ̀ kéré, wọn kò sì ní tú àpótí náà palẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ló kù. Bí ihò náà bá wọ́ díẹ̀, ọkọ̀ á tún máa gbọ̀n, ọ̀pá tí wọ́n ti gé kò sì ṣe é dá padà.

Ìkẹta ni kíìtì tó ní odindi ọ̀pá tuntun nínú, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní slip yoke eliminator, tàbí SYE. Ọ̀pá yìí nípọn ju ti àtijọ́ lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì ní eyín 32. Ó wọ́n ju ìkejì lọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tú transfer case sí méjì, nítorí náà ẹni tó ti tú u rí ni kó ṣe é. Bí wọ́n bá sì ti tú u, ìgbà náà ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀ béárìn àti síìlì, kí wọ́n sì wo ṣéènì inú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lo ọkọ̀ náà pẹ́, tó sì ń gba ọ̀nà jíjìn, ìkẹta ni kó fowó ṣe.

Ẹni tó bá ní Wrangler Rubicon ti ọdún 2003 sí 2006 kò nílò kíìtì yìí rárá. NV241OR ni transfer case tiẹ̀, iléeṣẹ́ sì ti de orí rẹ̀ láti ilẹ̀ wá. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ ka àmì irin róbótó tó wà lẹ́yìn transfer case.

Má ṣe kọ́kọ́ ra pùròpẹ́là

Ibí yìí ni owó ti sábà máa ń ṣòfò. Bí kíìtì bá ti wọlé, pùròpẹ́là àtijọ́ kò ní wúlò mọ́. Tuntun gbọ́dọ̀ ní cross méjì tó sún mọ́ra ní ìparí tó kan transfer case, kó sì ní ibi tó ti ń sún láàárín ara rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fẹ́ ra kíìtì àti pùròpẹ́là lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n lè jọ wọ ọkọ̀ ojú omi kan. Àmọ́ gíga ọkọ̀ kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Bí pùròpẹ́là bá gùn jù, á máa ti transfer case bí táyà bá gòkè. Bó bá kúrú jù, ó lè yọ. Àtidá ẹrù padà sí òkè òkun kì í ṣe owó kékeré.

Bó ṣe yẹ kí wọ́n tò ó nìyí: kí kíìtì kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn náà kí ọkọ̀ dúró lórí táyà rẹ̀, kì í ṣe lórí jáàkì. Kí wọ́n wọn gígùn láti orí tuntun náà dé orí díìfù, kí wọ́n wọn ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì mọ ìwọ̀n cross, bóyá 1310 ni tàbí 1330. Ìgbà náà ni kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra pùròpẹ́là.

Díìfù náà ní láti yí ojú padà. Pẹ̀lú pùròpẹ́là oní-cross méjì, orí díìfù gbọ́dọ̀ kọjú sí transfer case tààrà, kó rẹlẹ̀ ní dígírì 1 sí 2, torí pé á gbé orí sókè bí wọ́n bá tẹ iná. Bí wọn kò bá ṣe èyí, kíìtì tó wọ́n jù lọ kò ní dá gbígbọ̀n náà dúró.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká tuntun lè wá pùròpẹ́là iwájú Jeep Cherokee ní ọjà bíi Ládípò l'Ékòó tàbí Abossey Okai ní Accra. Ó ní cross méjì lórí, ọ̀pọ̀ sì ti lò ó sí ẹ̀yìn, bí gígùn rẹ̀ bá ṣáà bá ohun tí wọ́n wọ̀n mu. Bó bá di pé kí tọ́nà gé e kó sì jó o pọ̀, kí orí méjèèjì dojú kọ ibì kan náà, kí wọ́n sì gbé e lọ sórí ẹ̀rọ tó ń mú kó dọ́gba.

Kí ẹ tó ra ọkọ̀ náà ńkọ́?

Ẹ wà á dé ibi tí eré á ti tó kìlómítà 80 sí 100 ní wákàtí kan, kí ẹ sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná. Bí gbígbọ̀n bá yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pùròpẹ́là ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tó ga fíofío tó sì jẹ́ pé cross kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn transfer case, ẹni tó gbé e sókè kò parí iṣẹ́. Ẹ yọ owó iṣẹ́ tó kù náà kúrò nínú iye tí ẹ máa san.