Ṣé àìsàn ọpọlọ máa ń gba ọ̀daràn sílẹ̀ bíi ti inú eré Law & Order?

Ẹni tó bá ń wo Law & Order, eré ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lórí NBC ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1990, á ti mọ̀ ọ́n: ọlọ́pàá á mú afurasí, agbẹjọ́rò ẹ̀ á ní orí ẹ̀ ni ò pé. Agbẹjọ́rò ìjọba á ní ọgbọ́n àtibọ́ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n ni. Ìdájọ́ á wáyé, eré parí.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú òfin New York, níbi tí eré náà dá lé, olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ ló máa fi ẹ̀rí hàn pé àìsàn ò jẹ́ kóun mọ ohun tóun ń ṣe, tàbí kóun mọ̀ pé ó burú. Tó bá sì jàre, kì í ṣe ilé ló ń lọ tààrà. Àwọn dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò. Tí wọ́n bá ní ó ṣì léwu, ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ṣọ́ ló kàn, láìsí iye ọdún pàtó.

Ẹ wo John Hinckley, tó yìnbọn fún Ààrẹ Ronald Reagan ní Washington lọ́dún 1981. Ọdún 1982 ni ilé ẹjọ́ ní kò jẹ̀bi nítorí àìsàn ọpọlọ. Ó di 2016 kó tó kúrò nílé ìwòsàn pátápátá.

Ẹni tó bá pariwo níwájú tẹlifíṣọ̀n pé "ó ti bọ́ nìyẹn", kò tíì bọ́ o.