Wíkẹ́ńdì ní Jeddah: Ohun tó yẹ kí ará Ẹdẹ mọ̀ kó tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì

Láyé ọjọ́un, bí ará Ẹdẹ bá ní òun ń lọ sí Sáúdí, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló fẹ́ lọ ṣe. Hájì ni, àbí Umrah. Ìlú tí Tìmì Abíbù Lágúnjú ti jọba gẹ́gẹ́ bíi Mùsùlùmí láti séńtúrì kọkàndínlógún kì í ṣe àjèjì sí ọ̀nà Mẹ́kà. Àmọ́ nǹkan ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò, àwọn tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, àwọn tó ń rí fọ́tò Dubai lórí Facebook, ti ń bèèrè bóyá èèyàn lè lọ gbafẹ́ ní etíkun ilẹ̀ Lárúbáwá fún òpin ọ̀sẹ̀ kan péré, kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ìṣirò ẹ̀ kò rí bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀ nínú ìpolówó.

Ọjọ́ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀. Ní Sáúdí, láti 2013, Jímọ̀ àti Sátidé ni ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀. Sọ́ńdè wọn dà bíi Mọ́ńdè ní Nàìjíríà, ọjọ́ iṣẹ́ ni. Dubai àti ọ̀pọ̀ ibi ní UAE ní tiwọn ti sún un sí Sátidé àti Sọ́ńdè láti oṣù Kìíní 2022, ọ́fíìsì ìjọba sì máa ń tì lọ́sàn-án Jímọ̀. Ẹni tó bá balẹ̀ sí Jeddah láàárọ̀ Jímọ̀ tó ní òun fẹ́ lọ rajà, ilẹ̀kùn títì ló máa bá níbi tó pọ̀ títí wọ́n á fi kírun tán. Ọwọ́ alẹ́ ni ìlú yẹn máa ń jí gan-an.

Ọ̀nà náà kò kúrú. Láti Ẹdẹ, èèyàn á gba Gbọ̀ngán dé Ìbàdàn, á tún forí lé Ìkẹjà, bẹ́ẹ̀ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà lọ́nà. Bàálù tó bá fò tààrà láti Èkó dé Jeddah ń lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì tówó ẹ̀ rọjú ló máa ń yà sí Addis Ababa tàbí Cairo, ìyẹn sì lè sọ ìrìnàjò di odindi ọjọ́ kan. Aago Sáúdí fi wákàtí méjì ṣáájú ti Nàìjíríà, ti Dubai fi mẹ́ta. Ẹni tó fẹ́ sun alẹ́ méjì ní Jeddah máa lo ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún kó tó tún rí Ẹdẹ. Òṣìṣẹ́ tó gba ààyè ọjọ́ kan péré lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ ń wá wàhálà nìyẹn.

Níbi físà gan-an lowó àwọn èèyàn ti máa ń ṣòfò. Nígbà tí Sáúdí ṣí físà ìgbafẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù Kẹsàn-án 2019, orílẹ̀-èdè 49 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Nàìjíríà kò sì sí níbẹ̀. Ejẹ́ǹtì tó bá wá ń sọ pé òun á tẹ físà ìgbafẹ́ jáde lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kéèyàn bi í dáadáa. Ọ̀nà tó rọrùn jù fún Mùsùlùmí ni físà Umrah, torí ẹni tó bá ní i lè ṣe Umrah tán kó sì lọ sí ìlú mìíràn ní Sáúdí. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é báyẹn: Mẹ́kà, Mẹ̀dínà, lẹ́yìn náà alẹ́ méjì ní Jeddah. Kì í ṣe àsìkò Hájì ṣá o. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ Mẹ́kà lásìkò náà láìní ìwé àṣẹ Hájì, owó ìtanràn àti ìdápadà sílé ló ń dúró dè é.

Físà tó wà lọ́wọ́ pàápàá lè yẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2023, bàálù kan gbé èrò 264 láti Nàìjíríà dé Jeddah, wọ́n sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé wọ́n ti fagi lé físà gbogbo wọn. Lẹ́yìn tí ìjọba Nàìjíríà dá sí i, wọ́n ṣì dá èyí tó ju àádọ́jọ padà nínú wọn. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kéèyàn tún yẹ físà ẹ̀ wò kó tó kúrò n'Ẹdẹ. Àwọn tó ń sin èèyàn lọ Hájì àti Umrah gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ NAHCON, orúkọ wọn sì ṣeé yẹ̀ wò kówó tó kúrò lọ́wọ́.

Ti Dubai tún yàtọ̀. Ní 2022 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn físà mọ́ ọmọ Nàìjíríà, Emirates náà sì kó bàálù ẹ̀ ńlẹ̀. Oṣù Keje 2024 ni ìjọba kéde pé ó ti ṣí padà, Emirates sì padà sí Èkó ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Àmọ́ ₦640,000 ni wọ́n kéde nígbà yẹn pé wọ́n á gbà kí wọ́n tó yẹ ìwé oníbèérè wò. Ẹni tó bá fi owó àjọ tàbí owó kọpẹ́rétíìfù ṣe é kó rántí pé èyí kì í ṣe owó tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ti òtẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀rọ̀ ẹrù wá ńkọ́? Ní oṣù Kejìlá 2018, wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó gbéra láti Kano ní Sáúdí torí báàgì tí tramadol wà nínú ẹ̀. Kì í ṣe òun ló ni báàgì náà, àwọn ẹni ibi ní pápákọ̀ òfurufú ló fi orúkọ ẹ̀ sí i. Oṣù Kẹrin 2019 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ikú ni ìjìyà oògùn olóró lè já sí lọ́hùn-ún. Torí náà, kéèyàn ka iye ìwé àlẹ̀mọ́ tí wọ́n fún un níbi tó ti gbé ẹrù sílẹ̀, kó ya fọ́tò báàgì ẹ̀, kó sì kọ̀ bí aládùúgbò bá ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún àbúrò mi ní Jeddah". Ó lè bí aládùúgbò nínú. Ẹni tó bá ń lo oògùn kó mú ìwé dókítà dání.

Ti owó rọrùn díẹ̀: láti 1986 ni dọ́là kan ti jẹ́ riyal 3.75, kò yí padà. Iye tí náírà ń lọ sí dọ́là nìkan ló yẹ kéèyàn máa ṣọ́.

Ohun tó wà níbẹ̀ tó wò. Àdúgbò àtijọ́ Al-Balad ní àwọn ilé gíga tí wọ́n fi òkúta inú Òkun Pupa kọ́, tí fèrèsé onígi wọn yọ síta. Ó wọ ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé UNESCO ní 2014. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tó wà nítòsí Ẹdẹ, ti wọ ìwé kan náà láti 2005. Ní etí òkun, omi orísun King Fahd ń tú sókè ju mítà 260 lọ, mọ́ṣáláṣí kan sì wà tó dà bí ẹni pé orí omi ló léfòó sí. Rélùwéè Haramain tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018 so Jeddah pọ̀ mọ́ Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà. Krìstẹ́nì lè rìn fàlàlà ní Jeddah, àmọ́ wọn ò ní jẹ́ kó wọ Mẹ́kà. Oṣù Kọkànlá sí Kejì ló tura jù. Láàárín oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án, oòrùn ibẹ̀ á mú kéèyàn máa ṣàárò ojú ọjọ́ Ẹdẹ.

Pásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́fà lára. Òṣogbo ni ọ́fíìsì tó ń ṣe é wà. Láti oṣù Kẹsàn-án 2025, ₦100,000 ni ti ọlọ́dún márùn-ún olójú-ewé 32.