Kí Ló Dé Tí Antivirus Fi Ń Dènà Iṣẹ́ Ìwádìí Tí A Fínnúfíndọ̀ Gbà Sórí Kọ̀ǹpútà Wa?

Ẹni tó bá ti yọ̀ǹda kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì lè ti bá irú rẹ̀ pàdé. Iṣẹ́ tuntun ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀, fáìlì ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ku díẹ̀ kí wọ́n pé, ni ìkìlọ̀ bá yọ ní igun kọ̀ǹpútà: antivirus ti rí ohun tó fura sí, ó sì ti tì í mọ́ àhámọ́. Nínú BOINC, ìyẹn ètò tó ń gba iṣẹ́ náà wọlé, ọ̀rọ̀ méjì péré ló kù níwájú iṣẹ́ ọ̀hún: "Download failed". Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà kò rú òfin kankan, àwọn onímọ̀ kò fi nǹkan burúkú ránṣẹ́, antivirus náà kò sì ṣe ju iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé e síbẹ̀ lọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá dà báyìí, àwọn kan á gbà pé gbájúẹ̀ ni iṣẹ́ ìwádìí náà, wọn á yọ ọ́ dànù. Àwọn mìíràn á fi ìbínú pa antivirus wọn pátápátá. Méjèèjì ló léwu. Ẹni tó bá mọ ohun tí antivirus ń wò kó tó dájọ́ kò ní ṣe ọ̀kankan nínú wọn.

Iṣẹ́ tí à ń sọ yìí ti pẹ́. Ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1999 ni Fásitì California ní Berkeley gbé SETI@home jáde. Awò rédíò ńlá tó wà ní Arecibo nígbà náà, ní erékùṣù Puerto Rico, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 305, ń gba ariwo láti ojú ọ̀run, détà rẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí kọ̀ǹpútà fásitì kan lè tú wò lọ. Wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń pín in fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yá wọn ní kọ̀ǹpútà rẹ̀ nígbà tí kò bá lò ó, bóyá wọ́n á rí àmì pé ẹ̀dá mìíràn wà níbì kan tó ń fi rédíò sọ̀rọ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù 5 èèyàn tó dara pọ̀ kí wọ́n tó dáwọ́ pínpín iṣẹ́ tuntun dúró ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Wọn kò rí ẹ̀dá kankan. Ṣùgbọ́n inú iṣẹ́ yẹn ni BOINC ti jáde, tí David Anderson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Berkeley ní ọdún 2002, kí àwọn onímọ̀ yòókù lè rí ọ̀nà kan náà lò.

Wọ́n sì lò ó. Ní ọdún 2010, Einstein@Home rí ìràwọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, èyí tó ń yí bírí tó sì ń ta ìmọ́lẹ̀ rédíò sí wa bó ṣe ń yí. Kọ̀ǹpútà tọkọtaya kan ní Iowa ní Amẹ́ríkà àti ti ẹnìkan ní Mainz ní Jámánì ló rí i. Rosetta@home, tó ń ṣírò bí purotéènì ṣe ń ká ara wọn jọ, wá láti yàrá ìwádìí David Baker ní Fásitì Washington, Baker yìí sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́mísírì ní ọdún 2024. Folding@home, tí kò lo BOINC ṣùgbọ́n tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, gba ọ̀pọ̀ olùyọ̀ǹda ní ìbẹ̀rẹ̀ àrùn Kòrónà ní ọdún 2020 débi pé àpapọ̀ agbára kọ̀ǹpútà wọn lè ṣe ìṣirò tó ju bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù kan lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Èyí tó kàn wá jù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Swiss Tropical Institute ní Basel lo BOINC láti fi ṣe àfarawé bí ibà ṣe ń ràn kiri ní Áfíríkà, kí wọ́n lè fi ipa àpò ẹ̀fọn wé ti abẹ́rẹ́ àjẹsára kí wọ́n tó náwó lé e lórí. Ní ọdún 2019, Fásitì Delft ní Netherlands náà bẹ̀rẹ̀ sí í lo World Community Grid, tó ń gba orí BOINC pín iṣẹ́, láti ṣírò bí òjò ṣe ń rọ̀ ní gúúsù Sàhárà. Ẹni tó bá gbé ilẹ̀ wa mọ̀ pé òjò lè rọ̀ kíkankíkan ní Bódìjà ní Ìbàdàn kí Mọ́kọ́lá má rí ẹ̀kán kan. Irú òjò bẹ́ẹ̀ ló máa ń bọ́ mọ́ àwọn asọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ lọ́wọ́, nítorí pé ilẹ̀ tí ìṣirò wọn ń wò lẹ́ẹ̀kan ti fẹ̀ jù. Nítorí náà, tí antivirus bá dá irú iṣẹ́ yìí padà lẹ́nu ọ̀nà, ohun tó dá padà kì í ṣe eré ọmọdé.

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ kan ṣe ń wọlé. BOINC tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín á kàn sí sáfà àwọn onímọ̀ pé òun fẹ́ iṣẹ́. Sáfà á fún un ní orúkọ àwọn fáìlì tó máa gbà: ètò tó máa ṣe ìṣirò náà gan-an, èyí tí orúkọ rẹ̀ máa ń parí sí .exe lórí Windows, àti détà tó máa ṣírò, tí wọ́n sábà máa ń fún pọ̀ kó lè kéré. Inú fódà C:\ProgramData\BOINC ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, Windows sì máa ń fi ProgramData pamọ́ fún ojú. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdánimọ̀ tí wọ́n ṣírò láti inú rẹ̀. Bí lẹ́tà kan bá yí padà, BOINC á kọ̀ ọ́. Ètò ìṣirò náà tún ní ìbuwọ́lù tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń bu ìbuwọ́lù yìí sì yẹ kó wà lórí kọ̀ǹpútà tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, kó má bàa ṣeé ṣe fún ẹni tó bá fọ́ sáfà láti fi ètò burúkú ránṣẹ́ sí gbogbo olùyọ̀ǹda. Lẹ́yìn náà BOINC á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bó bá parí, á fi èsì ránṣẹ́, á béèrè òmíràn.

Ẹ wá fi ojú antivirus wo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí. Ètò kan ń dìde fúnra rẹ̀ bí kọ̀ǹpútà bá ṣe tàn. Ó ń bá sáfà ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀. Ó ń gba ètò mìíràn wọlé tí ẹnikẹ́ni kò tẹ bọ́tìnì fún, ó ń fi í sínú fódà tí ojú kò rí, ó ń gbé e dìde, ó ń lo ọpọlọ kọ̀ǹpútà títí fáànù á fi máa ké, ó sì ń fi nǹkan ránṣẹ́ padà. Bí àwọn ọ̀daràn tó ń fi kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn wa owó kírípítò lábẹ́lẹ̀ ṣe ń ṣe náà nìyẹn, láìyọ ẹyọ kan sílẹ̀. Ọlọ́dẹ tó bá bá ẹnìkan níbi tó ti ń fo ògiri lóru á mú un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onílé ni, tó sọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nù.

Antivirus ní ọ̀nà tó fi ń dá fáìlì mọ̀. Ọ̀kan ni pé ó ní àkójọ àmì àwọn fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti mú rí. Ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì tuntun ń jáde lójoojúmọ́, nítorí náà ó tún ń méfò: ó ń wo ìrísí fáìlì àti ìṣe rẹ̀, ó sì ń wo iye èèyàn tó ti ní in. Ibi ìméfò yìí ni àwọn onímọ̀ ti ń fara gbá jù. Ẹ̀dà tuntun ètò ìṣirò tí fásitì kan gbé jáde lówùúrọ̀ òní, ẹni tó ní in kò tíì pọ̀, ó sì lè má ní ìwé ẹ̀rí tí Windows mọ̀, torí owó ni wọ́n fi ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kódà àwọn fáìlì tí gbogbo ayé mọ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ àṣìmú. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 2010, McAfee fi àkójọ tuntun ránṣẹ́ tó ka svchost.exe, tó jẹ́ ara Windows XP fúnra rẹ̀, sí fáírọ́ọ̀sì, ni àwọn kọ̀ǹpútà bá ń kú tí wọ́n tún ń jí léraléra.

Ohun kan ṣoṣo ló ya iṣẹ́ ìwádìí yìí sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ọ̀daràn: ìyọ̀ǹda ẹni tó ni kọ̀ǹpútà. Kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ìyọ̀ǹda sí nínú fáìlì tí antivirus lè kà. Òṣìṣẹ́ kan tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní DeKalb Technical College, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, gbé ètò distributed.net, tó ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú BOINC, sórí àwọn kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ náà láìgba àṣẹ. Ètò náà gan-an kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń fínnúfíndọ̀ lò ó nílé wọn. Síbẹ̀ ìjọba gbé òṣìṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà parí ní oṣù Kìíní ọdún 2002, wọ́n fi í sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún kan, wọ́n ní kó san dọ́là 2,100, kó sì fi wákàtí 80 sin ìlú.

Ní oṣù Keje ọdún 2024, iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà Huntress tú àṣírí èyí tó burú ju ìyẹn lọ. Àwọn ọ̀daràn ń gba orí ìkànnì tí wọ́n ti fọ́ sọ fún àlejò pé aṣàwákiri rẹ̀ ti di ti àtijọ́, kó tẹ ibí kó gba tuntun. Lára ohun tí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ń gbà ni BOINC gidi. Wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà sí SecurityHealthService.exe tàbí trustedinstaller.exe, kó lè dà bí ara Windows, wọ́n sì so ó mọ́ sáfà tiwọn, tí wọ́n fún ní orúkọ tó jọ ti Rosetta@home. Kọ̀ǹpútà tó ti so mọ́ àwọn sáfà náà lé ní 10,000. Lẹ́yìn ìròyìn yìí, mi ò lè bá antivirus tó bá fura sí BOINC jà.

Ìdènà kan tún wà tí kì í mú ìkìlọ̀ wá. Àwọn antivirus kan máa ń dúró láàárín kọ̀ǹpútà àti sáfà, wọn á tú ohun tí sáfà dì kí ẹlòmíràn má bàa kà á wò, wọn á tún un dì, wọn á sì fi ìwé ẹ̀rí tiwọn lẹ̀ ẹ́. Aṣàwákiri á gbà á. BOINC ní tirẹ̀ gbé àkójọ àwọn tó fọkàn tán dání nínú fáìlì kan tó ń jẹ́ ca-bundle.crt, antivirus kò sì sí lára wọn. Yóò kọ̀ láti bá sáfà sọ̀rọ̀, èèyàn á sì máa rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ni kò dára.

Àwọn onímọ̀ ti múra sílẹ̀ fún ìkùnà dé ìwọ̀n kan. Iṣẹ́ tí kò bá ṣeé ṣe lọ́dọ̀ yín, sáfà á gbé e fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń fi èsì ẹni méjì wéra kí wọ́n tó gbà á, ẹni tó ti parí tirẹ̀ á máa dúró. Kọ̀ǹpútà tó bá ń kùnà léraléra, iye iṣẹ́ tí sáfà ń fún un lójúmọ́ á máa dín kù títí dé orí ẹyọ kan. Fún ẹni tó ń ra détà ní Èkó tàbí Kútọnu, fáìlì tó wọlé tí wọ́n pa, tó tún wọlé tí wọ́n tún pa, owó ni.

Kí ni kí èèyàn ṣe? Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé BOINC wọlé, láti boinc.berkeley.edu. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, antivirus ló jàre, ẹ má ṣe tú ohun tó tì mọ́lé sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin, ẹ wo orúkọ tó fún fáìlì náà. Bí Microsoft bá pè é ní Wacatac tó sì fi "!ml" parí rẹ̀, kọ̀ǹpútà wọn ló méfò, bí ẹ bá rí "Heur" tàbí "Gen" nínú orúkọ tí àwọn mìíràn fún un, ìméfò náà ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ gbé fáìlì ọ̀hún lọ sí VirusTotal, níbi tí nǹkan bí 70 antivirus ti máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí méjì tàbí mẹ́ta péré bá pariwo, tí orúkọ wọn kò sì bára mu, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àṣìmú. Bí ogún bá fẹnu kò sí orúkọ kan náà, ẹ fi í sílẹ̀ sí àhámọ́ tó wà, kí ẹ sì fi tó àwọn onímọ̀ létí kíá.

Bó bá jẹ́ àṣìmú lóòótọ́, ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ṣe antivirus náà. Wọ́n ní ojú ìwé fún irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbà wá nímọ̀ràn pé ká yọ gbogbo fódà BOINC kúrò lábẹ́ ìṣọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ ohunkóhun tó bá bọ́ sínú fódà yẹn ti bọ́ lójú antivirus, nítorí náà èmi á kọ́kọ́ dá fáìlì kan ṣoṣo tí wọ́n mú yẹn sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé títú ìdì láàárín ọ̀nà ló ń fa ìkùnà, boinc.exe nìkan ni kí ẹ yọ kúrò lára ohun tí antivirus ń tú wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ "Reset project" kí fáìlì lè wọlé tuntun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ parí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí ó máa ń da gbogbo rẹ̀ nù. Nígbà tí iléeṣẹ́ antivirus bá sì ti tún àkójọ rẹ̀ ṣe, ẹ padà wá yọ àyè tí ẹ fún fáìlì náà kúrò.