Orí Òkè Ni Safari Wà

Ní ẹnubodè Machame, ní ẹsẹ̀ òkè Kilimanjaro lórílẹ̀-èdè Tanzania, ìwọ̀n kan wà tí wọ́n gbé kọ́. Láàárọ̀, kí àlejò tó gbẹ́sẹ̀, àwọn alábàárù á ti tò síwájú rẹ̀. Àgọ́, gáàsì ìdáná, àga, ìrẹsì, ẹyin inú páálí, àpò aṣọ àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á gbé kọ́ ìwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹrù ẹnì kan bá ti kọjá 20 kílò, wọ́n á ní kó sọ ọ́ kalẹ̀, kó yọ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá yege á gbé e lé orí, á sì mú ọ̀nà igbó pọ̀n. Ó gbọ́dọ̀ tètè dé ibùdó, kó pàgọ́, kó gbé omi kaná, kí ẹni tó sanwó tó fẹsẹ̀ wọ́ débẹ̀.

Ẹni tó sanwó gbé báàgì pẹlẹbẹ kọ́ ẹ̀yìn. Omi àti aṣọ òjò ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà tàbí méje ni wọ́n ń lò lójú ọ̀nà Machame, àlọ àtàbọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á sùn mọ́jú ní Arusha tàbí Moshi, wọ́n á wọ jíìpù, ó di Ngorongoro àti Serengeti lọ wo kìnnìún. Nínú ìwé ìpolówó, apá kejì yìí ni wọ́n ń pè ní safari. Apá àkọ́kọ́ ń jẹ́ gígun òkè lásán.

Èmi rò pé wọ́n ti gbé orúkọ fún ẹni tí kò ni ín. Safari, èdè Swahili ni, ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni wọ́n sì ti yá a; àwọn ààfáà wa tó gbọ́ Lárúbáwá kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ìrìn-àjò ni. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìlà Oòrùn Áfíríkà, ìrìn-àjò túmọ̀ sí ọ̀wọ́ èèyàn tó tẹ̀ lé ara wọn lójú ọ̀nà tóóró, amọ̀nà níwájú, ẹrù lórí, àgọ́ nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ń wá irú ìyẹn lónìí, kó má wulẹ̀ wá a dé Serengeti. Ẹnubodè Machame ló wà, nídìí ìwọ̀n yẹn.

Bí nǹkan ṣe yí padà bẹ́ẹ̀ ní ìtàn, ìtàn náà sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí àwa Yorùbá mọ̀ dáadáa. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ló rán Johannes Rebmann, ajíhìnrere ará Jámánì, lọ sí Rabai lẹ́bàá Mombasa. CMS yìí kan náà ló tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní 1846, àwọn náà ló sì rán David Hinderer, ọmọ Jámánì bíi Rebmann, wá sí Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1848, Rebmann wà lójú ọ̀nà ilẹ̀ àwọn Chagga. Agboòrùn ló mú lọ́wọ́, kò mú ìbọn. Ó wòkè, ó rí ohun funfun kan lórí òkè. Amọ̀nà tó wà pẹ̀lú rẹ̀ kò ní orúkọ mìíràn fún un ju “òtútù” lọ. Ta ni yóò bá a wí? Àwa náà, yìnyín tó ń bá òjò jábọ́, tí àwọn ọmọdé ń sáré ṣà jẹ kó tó yọ́, la mọ̀. Èyí tó ń sùn sórí òkè láti ọdún dé ọdún, lẹ́bàá ìlà tó pín ayé sí méjì, àrà mìíràn nìyẹn.

Nígbà tí ìròyìn náà dé London, William Desborough Cooley, ọ̀mọ̀wé kan tó ń ya àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà láìtẹ Áfíríkà rí, ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún bá Rebmann jiyàn. Ìgbà tí Karl Klaus von der Decken, ará Jámánì mìíràn, gun apá kan òkè náà ní 1861 àti 1862 ni ọ̀rọ̀ tó yanjú fún àwọn yòókù. Ní gbogbo àsìkò yìí, àwọn Chagga wà ní ẹsẹ̀ òkè, wọ́n ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n la ojú omi láti inú àwọn odò òkè wọ oko wọn. Wọn kò mọ̀ pé ẹnì kan ń jiyàn lé wọn lórí.

Ẹni tó wá kọ́ ayé bí a ṣe ń gun Kilimanjaro ni Hans Meyer, ọmọ olówó láti Leipzig, tí bàbá rẹ̀ ni ilé ìtẹ̀wé ńlá. Ó gbìyànjú ní 1887, yìnyín dá a padà. Ó tún wá ní 1888; àwọn ọmọ ogun Abushiri, tó ń bá àwọn ará Jámánì jà nítorí ilẹ̀ wọn, mú un so, owó ìràpadà ló gbà á sílẹ̀. Ní 1889 ó padà wá pẹ̀lú Ludwig Purtscheller, ògbójú agunkè láti Austria. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kọ́kọ́ rò. Bí èèyàn bá ń ti orí òkè sọ̀ dé abúlé nígbàkigbà tí oúnjẹ bá tán, agbára á ti tán kó tó gòkè padà. Ó bá ṣe ibùdó lé ibùdó: ọ̀kan ní Marangu lábẹ́ ojú ọba Marealle, àwọn yòókù lókè, èyí tó ga jù wà ní nǹkan bí 4,300 mítà. Àwọn alábàárù ń gbé oúnjẹ lọ gbé òfìfo bọ̀ láàárín wọn.

Nínú àgọ́ òkè yẹn, èèyàn mẹ́ta ló wà: òyìnbó méjì, àti Mwini Amani, ọmọ Pangani, ìlú etí òkun tí òtútù kì í dé. Nígbà tí àwọn méjì bá lọ fi àáké gé yìnyín láti rí ibi fẹsẹ̀ lé, òun ló ń ṣọ́ àgọ́, tó ń dáná. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá, wọ́n dé etí kòtò orí òkè náà, ó ti pẹ́ jù, wọ́n padà. Ká ní ti 1887 ni, ó ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ wà, iná wà, wọ́n sinmi. Ní ọjọ́ 6, wọ́n dé ṣóńṣó rẹ̀, 5,895 mítà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n lónìí. Meyer fi orúkọ Kaiser Wilhelm sọ ọ́, ó bu òkúta níbẹ̀ lọ fún Kaiser ọ̀hún. Mwini Amani kò ní ṣóńṣó kankan.

Ní Marangu, Yohani Kinyala Lauwo ni wọ́n máa ń dárúkọ, ọmọ Chagga tí wọ́n ní òun ló fọ̀nà han Meyer. Nígbà tí ọdún ìgùnkè náà pé ọgọ́rùn-ún ní 1989, wọ́n bu ọlá fún un; ọdún 1996 ló kú, àwọn èèyàn rẹ̀ sì ní ó ti lé ní 120 ọdún. Àwọn òpìtàn ń ṣàríyànjiyàn lórí ọjọ́ orí yẹn, àti lórí bóyá ó bá Meyer dé òkè téńté. Kò dí mi lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe amọ̀nà, iṣẹ́ náà sì di ti ìlú. Àwọn ará Jámánì kọ́ ilé ìsinmi sójú ọ̀nà Marangu ní 1912, wọ́n sọ ọ̀kan ní Bismarck. Mandara ló ń jẹ́ báyìí, èyí tó tẹ̀ lé e ń jẹ́ Horombo: orúkọ àwọn ọba Chagga ni méjèèjì.

Apá ti ẹranko gba ọ̀nà ìbọn wá. Ní 1909, bí Theodore Roosevelt ṣe kúrò nípò ààrẹ Amẹ́ríkà, ó gba Mombasa wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, Kermit. Alábàárù wọn lé ní 200. Àwọn méjèèjì yìnbọn pa ẹranko 512, wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn ránṣẹ́ sí ilé àkójọ Smithsonian. Lẹ́yìn ìyẹn, ọlọ́lá tó bá fẹ́ káyé mọ òun ní láti ṣe safari. Àwọn ọdẹ ló sì fi ẹranko márùn-ún ṣe olórí: kìnnìún, ẹkùn, erin, ẹfọ̀n àti àgbáńréré, nítorí pé àwọn ni wọ́n le pa jù. Àgùnfọn ga, ó lẹ́wà, kò sí lára wọn. Àwọn ọdẹ tiwa náà á ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti bá ẹfọ̀n tó fara gbọta pàdé rí mọ ìdí tí wọ́n fi kà á mọ́ kìnnìún. Àwọn àlejò òní ń ka márùn-ún yìí bí wọ́n ṣe ń yàwòrán, láìmọ̀ pé ìwé ọdẹ ni wọ́n ń kà.

Mọ́tò ló kọ́kọ́ gba ẹrù lórí alábàárù. Fọ́tò wá gba ipò ìbọn díẹ̀díẹ̀. Serengeti di ọgbà ẹranko ìjọba ní 1951; ní 1959, wọ́n kó àwọn Maasai kúrò níbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa da màlúù wọn ní Ngorongoro. Ọdún yẹn náà ni fíìmù Bernhard Grzimek lórí Serengeti jáde, èyí tó gba ẹ̀bùn Oscar tó sì mú ará Yúróòpù fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ibẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Michael, kò rí fíìmù náà. Inú ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí wọ́n kùn ní ilà bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà ni wọ́n ti ń ka ẹranko. Gúnnugún kan sọ lu ọkọ̀ náà nínú oṣù Kìn-ín-ní 1959, ó jábọ́, Michael sì kú. Etí kòtò Ngorongoro ni wọ́n sin ín sí. Ìgbà tó yá, ilẹ̀ Ngorongoro tí wọ́n fún àwọn Maasai náà tún di ìjà: láti 2022 ni ìjọba ti ń kó wọn lọ sí Msomera, ọ̀pọ̀ wọn sì kọ̀ ọ́ délẹ̀.

Báwo ni òkè àti ẹranko ṣe wá di ìrìn-àjò kan ṣoṣo? Òmìnira àti ìjà ààlà ló so wọ́n pọ̀. Ní òru ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 1961, ológun kan, Alexander Nyirenda, ri àsíá orílẹ̀-èdè tuntun mọ́ ṣóńṣó Kilimanjaro, ó tan ògùṣọ̀ síbẹ̀, orúkọ Kaiser kúrò, ó di Uhuru, ìyẹn Òmìnira. Síbẹ̀, Nairobi ni owó àwọn àlejò ń gbà wọlé. Wọ́n á balẹ̀ sí Kenya, mọ́tò Kenya á gbé wọn wá wo ẹranko Tanzania, wọ́n á padà lọ sùn. Tanzania ṣí pápákọ̀ òfuurufú Kilimanjaro ní 1971, ní agbedeméjì Moshi àti Arusha. Nígbà tí àjọṣe orílẹ̀-èdè mẹ́ta Ìlà Oòrùn Áfíríkà fọ́ ní 1977, Tanzania ti ààlà rẹ̀ pẹ̀lú Kenya pa. Àlejò dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí ààlà ṣí padà ní 1983, Arusha ti ń kọ́ láti dá dúró. Láti pápákọ̀ yẹn, òkè wà lápá kan, ọ̀nà ẹranko wà lápá kejì. Ta ló máa ra ọ̀kan tí kò ní ra èkejì?

Òkè ló máa ń ṣáájú, ẹni tó bá mọ òru ìgùnkè kò ní béèrè ìdí. Ní ibùdó Barafu, orúkọ tó túmọ̀ sí yìnyín, nǹkan bí aago mọ́kànlá òru ni wọ́n ń jí àlejò. Tíì gbígbóná, bisikíìtì, iná tí wọ́n so mọ́ orí. Pole pole, ni amọ̀nà ń wí, díẹ̀díẹ̀. Á gbé ẹsẹ̀ kan, á dúró, á gbé èkejì. Omi á dì nínú ike. Atẹ́gùn tó wà ní ṣóńṣó kò ju bí ìdajì ti etí òkun lọ. Láti ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ ni amọ̀nà ti ń fi ẹ̀rọ kékeré gán ìka wọn láti mọ bí ara ṣe ń gba atẹ́gùn tó. Lóru yìí, ojú ló fi ń wò wọ́n. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ bá ti ń wúwo, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ìsàlẹ̀ ló kàn. Kò sí ẹ̀bẹ̀, ì báà jẹ́ pé ṣóńṣó ti wà lójú.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn òru yẹn, àlejò tó gun òkè yìí kan náà wà lórí ìjókòó jíìpù, orúnkún ń dùn ún, ó gbórí jáde láti òrùlé tó ṣí. Rédíò awakọ̀ dún: kìnnìún wà lábẹ́ igi kan. Gbogbo jíìpù kọrí síbẹ̀. Kìnnìún náà dìde, ó wá òjìji mọ́tò kan, ó sùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ohun àrà ni o, pàápàá bí nyumbu, ẹranko tó jọ màlúù tó jọ ẹtu, bá ń ṣí kiri ní Serengeti. Wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan. Ṣùgbọ́n ìjókòó ni.

Ohun funfun tí Rebmann rí ń tán lọ. Láàárín 1912 sí 2007, nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún yìnyín orí òkè náà ti yọ́. Àwọn alábàárù ní tiwọn ń pọ̀ sí i, nítorí iṣẹ́ kò sí nílẹ̀. Àwọn mìíràn ń gòkè pẹ̀lú bàtà tí òtútù ń gbà wọlé, owó tí wọ́n fi ń tan wọ́n kì í sì í pé. Láti 2003 ni ẹgbẹ́ kan, Kilimanjaro Porters Assistance Project, ti ń yá wọn ní aṣọ òtútù lọ́fẹ̀ẹ́, tó sì ń tọpa àwọn ilé iṣẹ́ tó ń san owó tó yẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà tó ti ń kówó jọ fún Kilimanjaro, mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè iye ọjọ́, irú àgọ́ àti bóyá ẹ ó rí erin. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ọ̀kan sí i: èló ni alábàárù ń gbà lóòjọ́, ta ló sì ń fà á lé e lọ́wọ́?