Ojú tí ń Wo Àpáta nínú Ihò Abẹ́ Ilẹ̀

Ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọ inú ilẹ̀ lọ, níbi tí òkùnkùn gbé ṣú, kí ni yóò fi ṣọ́ orí tirẹ̀? Ìbéèrè yìí kò ṣe àjèjì ní Ìlobùú, níbi tí ìtàn gbé sọ pé Erinlẹ̀ ọdẹ wọ ilẹ̀ lọ tí ó sì di odò. Orí àpáta líle, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ, ni Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun tẹ̀dó sí. Ẹni tí ń gbẹ́ kànga níbẹ̀ a kọ́kọ́ kan ilẹ̀ pupa àti yangí, lẹ́yìn náà amọ̀, lẹ́yìn náà àpáta jíjẹrà, kí ó tó kan ògidì àpáta. Inú àpáta jíjẹrà àti ibi tí ògidì àpáta gbé sán ni omi ń sá pamọ́ sí. Sísán tí ń fún ìlú ní omi yìí kan náà ni ó ń ba àwọn tí ń gbẹ́ ihò abẹ́ ilẹ̀ lẹ́rù.

Ẹni tí ó bá wo àpáta lókèèrè lè rò pé odidi kan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà sísán pọ̀ nínú rẹ̀: òmíràn dúró ṣánṣán, òmíràn dùbúlẹ̀, òmíràn sì rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí irú ìlà mẹ́ta bá pàdé ní àjà ihò, wọn a gé òkúta sọ́tọ̀ bí ẹni gé iṣu. Bí amọ̀ tàbí omi bá sì wà láàárín wọn, òkúta náà lè yọ̀ bọ́ lu ènìyàn. Nítorí èyí ni Bieniawski ṣe gbé ìlànà dídíwọ̀n ipò àpáta jáde ní South Africa ní 1973, tí Barton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbé èyí tí à ń pè ní Q jáde ní Norway ní 1974. Ìlànà wọ̀nyí ni a fi ń mọ irú ọ̀pá irin àti sìmẹ́ńtì tí yóò gbé àjà ró.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àkókò kò sí. Bí a bá ti fi ẹ̀tù fọ́ àpáta, onímọ̀ a yẹ ojú rẹ̀ wò kíákíá pẹ̀lú kọ́ńpáàsì àti ìwé lọ́wọ́. Láìpẹ́, wọn a tú sìmẹ́ńtì bò ó, a sì di ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní rí mọ́.

Níbi yìí ni ọgbọ́n tí à ń pè ní extended reality gbé wúlò. A ó ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán àpáta náà láti oríṣiríṣi ìhà, tàbí kí a fi iná lésà díwọ̀n rẹ̀. Kọ̀ǹpútà a kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, a sì fi ṣe àpẹẹrẹ ihò náà bí ó ti rí gan-an. Ẹni tí ó bá wá dé awò ẹ̀rọ sójú yóò rí ara rẹ̀ nínú ihò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé ni ó jókòó sí. Yóò lè ka ìlà, yóò lè díwọ̀n ìdagẹ̀rẹ́ wọn, láìsí pé òkúta lè bọ́ lù ú. Ní Yunifásítì Aalto ní ilẹ̀ Finland, irú àpẹẹrẹ ihò abẹ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún kíkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Oríṣi awò mìíràn wà tí kò bo ojú pátápátá: ẹni tí ó dé e ń rí ògiri ihò gan-an, ó sì tún ń rí ìlà tí sìmẹ́ńtì ti bò mọ́lẹ̀.

Síbẹ̀, awò kì í ṣe babaláwo. Ohun tí kámẹ́rà rí ni ó lè fi hàn. Kò lè sọ bí amọ̀ inú sísán ti rọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ ìró òòlù lára àpáta tí inú rẹ̀ ṣófo. Ọwọ́ àti etí ènìyàn kò tíì di aláìwúlò.

Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí Ọ̀ṣun. Ní Sẹ̀gílọlá, nítòsí Ìpẹ́rìndó, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ wúrà ní 2021 láti inú kòtò gbayawu, ògiri irú kòtò bẹ́ẹ̀ pàápàá sì ń fẹ́ àyẹ̀wò. Ní oṣù Kẹfà 2024, ibi ìwakùsà kan ya lulẹ̀ ní agbègbè Shiroro ní Ìpínlẹ̀ Niger, ó sì bo ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀. Awò nìkan kò lè dá irú ikú bẹ́ẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti kọ́ bí a ti ń ka ojú àpáta kí ó tó wọlé lọ, ó lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó jáde.