Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Prostate àti Ojú Yín: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Bàbá àti Ará Ilé Wọn

Ẹ̀yin bàbá tí dókítà ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú họ́mónù fún nítorí jẹjẹrẹ prostate, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún, àti ẹ̀yin ìyàwó àti ọmọ tó ń sìn wọ́n wá sí kílíníìkì. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ kò pọ̀: ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú yín wò kí ìtọ́jú náà tó jìnnà, pàápàá tí wọ́n bá fi oògùn steroid kún un.

Iṣẹ́ tí ìtọ́jú họ́mónù ń ṣe

Testosterone, họ́mónù tó ń mú ọkùnrin hu irùngbọ̀n tí ohùn rẹ̀ sì ń ki, òun náà ni jẹjẹrẹ prostate fi ń ṣe oúnjẹ. Láti ọdún 1941 ni dókítà Charles Huggins ti fi hàn ní Chicago pé bí họ́mónù yìí bá dín kù, jẹjẹrẹ náà á rọlẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1966. Lónìí, àwọn kan ń gba abẹ́rẹ́ sí abẹ́ awọ ikùn, irú goserelin, ní ọjọ́ 28 síra wọn tàbí ọ̀sẹ̀ 12 síra wọn. Àwọn kan ń lo hóró oògùn bíi bicalutamide. Owó abẹ́rẹ́ sì ga ju agbára ẹlòmíràn lọ, onítọ̀hún á wá gbà kí wọ́n yọ kóró ẹpọ̀n rẹ̀ méjèèjì. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn rárá, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Ooru òjijì, àárẹ̀, ìbálòpọ̀ tí kò wu ni mọ́, egungun tó ń fúyẹ́ àti ṣúgà tó ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, gbogbo ìwọ̀nyí lè bá ìtọ́jú họ́mónù rìn. Glaucoma, àìsàn ojú tó ń pa ìríran díẹ̀díẹ̀, kò sí lára ohun tí abẹ́rẹ́ náà sábà máa ń fà. Ọ̀nà mìíràn ni ewu ojú ń gbà wọlé.

Bí glaucoma ṣe ń bẹ̀rẹ̀

Omi kan wà nínú ẹyin ojú tó ń wọlé tó sì ń jáde. Bí kò bá ráyè jáde dáadáa, ìfúnpá inú ojú á ga, á sì máa pa iṣan tó ń gbé ohun tí a rí lọ sínú ọpọlọ. Ìwọ̀n 10 sí 21 la kà sí déédéé, ṣùgbọ́n a ń rí ẹni tí ìwọ̀n tirẹ̀ dára tí iṣan ojú rẹ̀ sì ti ń kú. Ìdí nìyẹn tí dókítà ojú fi ń wo iṣan náà fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ti kú kì í jí mọ́. Oògùn kàn lè dáàbò bo èyí tó kù ni.

Kì í sábà dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló kọ́kọ́ ń ṣókùnkùn. Bàbá á máa fi èjìká kọ lu férémù ilẹ̀kùn, kò ní rí ọ̀kadà tó ń bọ̀ lápá òsì, síbẹ̀ á ṣì máa ka ìwé ìròyìn. Nínú ìwádìí ojú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007, bí èèyàn 5 nínú 100 tó ti pé ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ní glaucoma, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò sì mọ̀. Àwa aláwọ̀ dúdú ni glaucoma àti jẹjẹrẹ prostate ń bá jà jù, ìgbà àgbà sì ni. Ẹni tó ń tọ́jú prostate lè ti ní glaucoma lójú kó tó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́.

Steroid ló yẹ kí ẹ fojú sí

Bí jẹjẹrẹ bá le sí i, dókítà lè kọ abiraterone, kó sì fi prednisolone, tó jẹ́ steroid, tì í. Àwọn tó ń gba docetaxel náà ń lo steroid. Steroid lè gbé ìfúnpá ojú sókè láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, láìjẹ́ pé ojú pọ́n. Ewu náà pọ̀ sí i fún ẹni tó ti ní glaucoma, tàbí tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ní in.

A bẹ̀ yín, ẹ má torí ìwé yìí dá prednisolone dúró. Òun ni kì í jẹ́ kí abiraterone gbé ẹ̀jẹ̀ yín ru kó sì fa pọtásíọ̀mù inú ara yín gbẹ, àti pé ẹni tó bá já a lójijì lè dákú. Dókítà ìtọ̀ àti dókítà ojú ni yóò jọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ sọ fún dókítà ojú pẹ̀lú bí ẹ bá ń lo tamsulosin, oògùn tó ń jẹ́ kí ìtọ̀ rọrùn, tàbí tí ẹ ti lò ó rí, kó tó ṣe iṣẹ́ abẹ cataract, nítorí ó ń mú kí àwọ̀ inú ojú dẹ̀ lórí tábìlì. Oògùn tó ń dá ìtọ̀ kánkán dúró, irú oxybutynin, kò dára fún ẹni tí ojú ọ̀nà omi inú ojú rẹ̀ há. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kọ timolol, oògùn ẹ̀kán glaucoma, fún un.

Àyẹ̀wò ojú

Wọ́n á kán oògùn tó ń pa ìmọ̀lára ojú, ẹ ó gbé àgbọ̀n lé ìgbátí ẹ̀rọ, iná àwọ̀ búlúù á sún mọ́ ẹyin ojú, ìwọ̀n ti dé nìyẹn. Wọ́n tún lè kán oògùn tó ń la ẹyin ojú, ìríran á rú fún wákàtí díẹ̀. Ẹ má wa ọkọ̀ wá, ẹ mú ẹnì kan dání.

Bí wọ́n bá fún yín ní oògùn ẹ̀kán, ẹ kán ẹ̀kán kan, ẹ pa ojú dé, kí ẹ fi ìka tẹ igun ojú tó sún mọ́ imú fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Bí oògùn bá jẹ́ méjì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó kán èkejì. Ẹ má kán ìtọ̀, àgbo tàbí oògùn tí ẹlòmíràn lò kù sójú. A ti rí ojú tí wọ́n fi irú rẹ̀ bà jẹ́ pátápátá.

Bí ojú bá dédé ń ro yín gan-an, tó pọ́n, tí ẹ ń rí òbìrìkìtì yí iná ká, tí èébì sì ń gbé yín, ọjọ́ náà ni kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má sùn lé e.

Ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú àpò kan, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà ojú. Bí ẹ kò bá tíì ṣe àyẹ̀wò ojú rí, ẹ béèrè fún un kí ẹ tó gba abẹ́rẹ́ tó kàn, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ yín tó ti pé ogójì ọdún kí wọ́n lọ ṣe tiwọn.